Àyẹ̀wò HPV: "kò sí" rẹ̀ ṣeé gbára lé ju "ó wà" rẹ̀ lọ

Obìnrin kan lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ, ìwé èsì méjì ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Ti Pap smear ní kò sí ohun tó ṣe é. Ti HPV ní kòkòrò wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan, ó sì ti pe ẹni tó kàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, obìnrin yìí ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí fóònù. Ó ti gbà pé òun ti ní jẹjẹrẹ, pé ọkọ òun ló lọ kó o wálé, àti pé ọ̀kan nínú láàbù méjèèjì ṣe màgòmágó. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń mú ohun tí àyẹ̀wò méjèèjì ń yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kálukú ń dáhùn yàtọ̀. Pap smear ń béèrè pé: ṣé ìrísí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé-ọmọ ti ń yí padà? Àyẹ̀wò HPV ń béèrè pé: ṣé kòkòrò tó lè yí wọn padà wà níbẹ̀? Kòkòrò lè wà níbẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì má tíì yí padà rárá. Kódà, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ obìnrin nìyẹn. Nítorí náà, èsì méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé láàbù kankan purọ́.

Kò sì sí èyí tó béèrè nínú méjèèjì pé "ṣé jẹjẹrẹ ni?" Ìbéèrè yẹn, ẹran bíńtín tí dókítà bá gé lẹ́nu ilé-ọmọ ránṣẹ́ sí láàbù ló ń dáhùn rẹ̀.

Kòkòrò wo là ń wí?

HPV kì í ṣe ẹyọ kòkòrò kan. Ẹbí ńlá ni, oríṣi rẹ̀ lé ní 200, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oríṣi 6 àti 11 ló sábà ń fa wọ́nwọ́n ojú ara. Èèyàn lè máa tijú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àwọn tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Oríṣi 16 àti 18 ni ògbólógbòó wọn. Àwọn méjèèjì ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú gbogbo 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ lágbàáyé. Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí oríṣi 16 nínú jẹjẹrẹ yìí ní 1983, wọ́n sì rí 18 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ náà ló mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Lẹ́yìn àwọn méjì yìí, oríṣi bíi mẹ́wàá mìíràn ṣì wà tí ọwọ́ wọn kò mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò òde òní fi ń wá oríṣi 14 lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú àwọn tó ń ní ìbálòpọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀pọ̀ jù lọ ni yóò kó HPV kan tàbí òmíràn nígbà kan láyé wọn láìmọ̀. Kì í fa ibà, kì í dunni, kò sí ohun tí yóò fi sọ fún èèyàn pé òun ti dé. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá kó o, lára nǹkan bíi mẹ́sàn-án, sójà ara á ti lé e lọ tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ rì débi tí àyẹ̀wò ò fi ní rí i mọ́, kí ọdún méjì tó pé. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ, tó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló lè máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lára ẹni tí sójà ara rẹ̀ le, ó máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Lára ẹni tó ní kòkòrò HIV tí kò lo oògùn, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ.

Láàárín àkókò gígùn yẹn, sẹ́ẹ̀lì á ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n lè jó ibẹ̀ tàbí kí wọ́n gé e kúrò lọ́jọ́ kan, kí obìnrin náà sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìpele yìí gan-an ni gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí ń lé kiri. Ní Nàìjíríà ní 2020, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni wọ́n ṣírò pé jẹjẹrẹ yìí mú, tí nǹkan bí 8,000 sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dé ọsibítù lẹ́yìn tí ìpele tó rọrùn yẹn ti kọjá.

Ojú èèyàn àti ẹ̀rọ

Bí wọ́n ṣe ń gba ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò kò pẹ́. Obìnrin á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, á ká orúnkún sókè. Nọ́ọ̀sì á fi irin tàbí ike tó ń ya ojú ara bọ inú, kó lè rí ẹnu ilé-ọmọ kedere. Á wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan kàn án, á yí i ká bí ìgbà márùn-ún, á sì fọ orí búrọ́ọ̀ṣì náà sínú ìgò kékeré tí omi oògùn wà nínú rẹ̀. Ó lè rí bákan lára, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè yọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ìrora.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Tó bá jẹ́ Pap smear ni, wọ́n á tẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á pa á láró, èèyàn ẹlẹ́ran ara á sì jókòó ti maikirosíkóòpù láti máa wò wọ́n. George Papanicolaou, dókítà ọmọ Gíríìsì tó ṣiṣẹ́ ní New York, ló fi ọ̀nà yìí lélẹ̀. Òun àti Herbert Traut gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1943, "Pap" sì ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣètò rẹ̀ dáadáa fún àwọn obìnrin wọn rí i tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ já wálẹ̀. A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ojú ló ń kà á, ojú sì máa ń rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ lè jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó dára, ohun tí ẹnì kan sì kà sí ìbàjẹ́, ẹlòmíràn lè ní wíwú lásán ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ireland fi èyí hàn. Vicky Phelan ṣe Pap smear ní 2011, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ní 2014 wọ́n rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gíláàsì ti tẹ́lẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò yẹ kí wọ́n kà á sí dídára, ẹnikẹ́ni kò sì tètè sọ fún un. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní 2018, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti wá mọ̀ pé obìnrin tó lé ní 200 ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ìbínú wọn tọ́, pàápàá lórí bí wọ́n ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ni pé, kódà níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, Pap smear ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo máa ń fo púpọ̀ dá. Àtúnṣe lemọ́lemọ́ ni agbára rẹ̀. Ohun tó bá fò lọ́dún yìí, ó lè rí i lọ́dún mẹ́ta sí i, kó tó burú.

Àyẹ̀wò HPV kò lo ojú. Ẹ̀rọ ló ń wá DNA kòkòrò náà nínú omi ìgò yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà á sì máa sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà títí yóò fi hàn tó bá wà níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú "ṣé ó péye?"

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́gádì méjì. Ọ̀kan ń dá gbogbo ẹni tó ń bọ̀ dúró lẹ́nu géètì: olè kankan ò lè kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dá àna yín, pásítọ̀ yín àti ẹni tó gbé oúnjẹ wá dúró. Èkejì kì í yọ àlejò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣòro fún olè láti wọlé níṣojú rẹ̀. Ta ló dáa jù nínú wọn? Ó di kí ẹ kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn yín jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò. Ìbéèrè kìíní ni pé nínú àwọn tó ní ìṣòro lóòótọ́, mélòó ló ń mú? Èkejì ni pé nínú àwọn tí kò ní ìṣòro, mélòó ló ń fi sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà? Ẹni tó bá sọ fún yín pé àyẹ̀wò kan "péye dé ìdá 95" láìsọ èyí tó ń dáhùn nínú méjèèjì, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìwádìí kan wáyé ní Kánádà, ní Montreal àti St. John's, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2007. Ó lé ní 10,000 obìnrin, láti ọmọ ọdún 30 sí 69, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò méjèèjì fún. Nínú 100 obìnrin tí sẹ́ẹ̀lì wọn ti bàjẹ́ débi tó nílò ìtọ́jú, àyẹ̀wò HPV mú nǹkan bí 95. Pap smear mú nǹkan bí 55. Ṣùgbọ́n nínú 100 tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n, Pap dá nǹkan bí 97 sílẹ̀, HPV dá 94 sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe ìṣirò. Ká ní 1,000 obìnrin wá, tí 10 nínú wọn ní ìbàjẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó yẹ ká tọ́jú. Mo fi 10 ṣe àpẹẹrẹ ni o. Ó lè dín, ó lè lé, ó di ọwọ́ ibi tí wọ́n ń gbé. Àyẹ̀wò HPV á mú 9 nínú wọn, ó tiẹ̀ lè mú gbogbo 10. Á sì tún pe nǹkan bí 60 mọ́ wọn nínú 990 tó kù. Àpapọ̀ àwọn tí wọ́n á sọ fún pé "ó wà" jẹ́ nǹkan bí 70. Nínú àádọ́rin wọ̀nyí, nǹkan bí ẹnì kan nínú méje ló ní ohun tí wọ́n máa tọ́jú. Àwọn mẹ́fà yòókù, kòkòrò wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ba nǹkan kan jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó má bà á jẹ́ láé.

Ẹ wá yí ojú sí òdì kejì. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé "kò sí" lé ní 900. Ẹni tí ìṣòro wà lára rẹ̀ tó sì bọ́ mọ́ àyẹ̀wò lọ́wọ́ nínú gbogbo wọn, tó bá pọ̀ jù, ẹnì kan. Lọ́dọ̀ Pap smear, àwọn tó bọ́ sílẹ̀ tó mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. "Kò sí" àyẹ̀wò HPV lágbára gan-an. "Ó wà" rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìpè lásán ni, pé kí ẹ wá ká túbọ̀ wò yín dáadáa. Àwọn èèyàn sì máa ń dì í mú ní òdìkejì: "kò sí" kì í fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, "ó wà" a sì sọ wọ́n di olókùú ojoojúmọ́.

Ìwádìí kan tún wà ní abúlé àgbègbè Osmanabad ní Íńdíà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Àwọn obìnrin tó lé ní 130,000 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan ṣe àyẹ̀wò HPV lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan Pap, àwọn kan ti fínígà (wọ́n á fi fínígà kan ẹnu ilé-ọmọ láti wò ó), àwọn kan kò ṣe kọjá ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì láàárín àwọn tí wọ́n ṣe ti HPV fún. Nínú àwọn tí èsì HPV wọn sọ pé "kò sí", kò sí ẹnì kan tí jẹjẹrẹ náà pa láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ẹ̀rọ ń ké lé lórí

Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí lè mú kí wọ́n máa rí HPV bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Kòkòrò tó kéré jọjọ, tí sójà ara ti ń lé lọ, kì í sábà fa wàhálà. Bí ẹ̀rọ bá ń ké lórí rẹ̀, ìbẹ̀rù lásán ló máa pín fún àwọn obìnrin. Nítorí náà ààlà wà fún un. Fún àpẹẹrẹ, Hybrid Capture 2, ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò HPV àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀, kì í sọ pé "ó wà" àfi tí ẹ̀dà DNA kòkòrò náà bá tó nǹkan bí 5,000 nínú ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀.

Ìyẹn ni pé "kò sí" kò túmọ̀ sí pé ẹyọ kòkòrò kan kò sí nínú ara yín. Ó túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó pọ̀ tó láti yọ yín lẹ́nu ní ọdún díẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí kan náà ni obìnrin fi lè gba "kò sí" lọ́dún yìí kó sì gba "ó wà" lọ́dún mẹ́ta sí i láìsí ẹni tuntun kankan láyé rẹ̀: èyí tó ti rì mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún gbérí, bóyá nítorí ọjọ́ orí, bóyá nítorí pé sójà ara rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Láti ibẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tó ń tú ilé ká. Èsì HPV kò lè sọ ìgbà tí kòkòrò dé, kò sì lè sọ ẹni tó mú un wá. Ó lè jẹ́ oṣù tó kọjá, ó lè jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn, kí tọkọtaya tó mọ ara wọn rárá. Ọkọ kò lè fi í mú ìyàwó ní oníṣekúṣe, ìyàwó náà kò lè fi í mú ọkọ. Kò tiẹ̀ sí àyẹ̀wò HPV tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì máa sọ eléyìí kí wọ́n tó fa ìwé èsì léni lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí "kò sí" ti lè tàn wá

Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí wọ́n gbà lè má tó. Búrọ́ọ̀ṣì lè má kan ibi tó yẹ. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù lè bo gbogbo rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi sínú ojú ara lè ṣèdíwọ́ fún ẹ̀rọ. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ní kí obìnrin má wá nígbà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, kó má ní ìbálòpọ̀, kó má fi omi fọ inú ojú ara, kó má sì ki oògùn sí i fún nǹkan bí ọjọ́ méjì ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sẹ́ẹ̀lì èèyàn wà nínú ohun tí wọ́n fún wọn. Bí kò bá sí, INVALID ni wọ́n á kọ. Ìyẹn kì í ṣe "ó wà", kì í sì í ṣe "kò sí". Kí wọ́n gbà á tuntun ni.

Èkejì, ìwọ̀nba jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ kan wà tí kò ní HPV nínú rárá. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà, àyẹ̀wò HPV kò sì ní rí wọn.

Ẹ̀kẹta kan àwa ará ilé. Oríṣi HPV tó wọ́pọ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, tó jáde ní 2004, rí HPV lára nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn oríṣi tó sì wọ́pọ̀ jù ni 16, 31, 35 àti 58. Ẹ wo 35 yẹn dáadáa. Kò gbajúmọ̀ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ibi nílẹ̀ Áfíríkà. Ó wà nínú oríṣi 14 tí àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń wá, nítorí náà àyẹ̀wò á rí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wọ ètò ìjọba Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 kò dojú kọ ọ́. 6, 11, 16 àti 18 ló dojú kọ. Ẹ gbà á fún àwọn ọmọ yín, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí 16 àti 18 ló ń pààyàn jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ lónìí ṣì máa ṣe àyẹ̀wò nígbà tó bá dàgbà.

Ohun mìíràn tí àwọn olùwádìí rí ní Ìdíkàn ni pé HPV kò já wálẹ̀ bí obìnrin ṣe ń dàgbà, bó ṣe máa ń já lọ́pọ̀ ibi ní Yúróòpù. Èyí túmọ̀ sí pé lọ́dọ̀ wa, àwọn tí ẹ̀rọ á sọ fún pé "ó wà" tí kò sì sí ìbàjẹ́ kankan lára wọn á pọ̀ ju 60 inú ìṣirò wa òkè yẹn lọ.

Bí a ṣe ń ka ìwé èsì

GeneXpert, ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ọsibítù Nàìjíríà ní nítorí ikọ́ ife, lè ṣe àyẹ̀wò HPV láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Lórí ìwé rẹ̀, ìlà mẹ́ta ló sábà máa ń wà: HPV 16, HPV 18/45, àti Other HR HPV (àwọn oríṣi eléwu yòókù). POS ("ó wà") tàbí NEG ("kò sí") ni wọ́n á kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. POS níwájú 16 tàbí 18/45 ló yẹ kó mú wọn yára jù, kódà bí Pap smear bá dára. POS níwájú ìlà kẹta kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń gbàgbé sínú dúrọ́ọ̀.

Àwọn tó wà ní London máa ń rí lẹ́tà tó ní HPV kò sí lára wọn, kí wọ́n wá máa béèrè pé "Pap smear mi dà?" Láti 2019 ni England ti yí ètò padà: HPV ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, bó bá wà nìkan ni wọ́n ń wo sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò kan náà. Wọn ò fi nǹkan kan dù yín. Láti oṣù keje 2025, àwọn ọmọ ọdún 25 sí 49 tí HPV kò sí lára wọn di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́yìn ọdún márùn-ún dípò mẹ́ta. Àwọn kan pariwo pé owó ni ìjọba ń ṣọ́. Ẹ padà sí ìṣirò ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ó rí ohun tí wọ́n gbójú lé.

Gbígbà á fúnra ẹni, ti fínígà, àti ti ẹ̀jẹ̀

Obìnrin lè gba ti HPV fúnra rẹ̀, kó ki igi òwú rírọ̀ bọ ojú ara, kó yí i fún ìgbà díẹ̀, kó fi í sínú ìgò. Kò di dandan kó kan ẹnu ilé-ọmọ. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ irú tó ń sọ DNA di púpọ̀, èsì rẹ̀ kì í yàtọ̀ sí èyí tí nọ́ọ̀sì gbà. Australia ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin tó tó àyẹ̀wò láti 2022. Fún ẹni tí ìtìjú ń dá dúró, èyí jẹ́ ìdáhùn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé wọn kò lè fi ṣe Pap smear, nítorí náà ẹni tó bá gba "ó wà" á ṣì lọ rí nọ́ọ̀sì.

Ti fínígà, wọ́n á fi omi fínígà tí kò le kan ẹnu ilé-ọmọ, ibi tó bá funfun ni wọ́n á fura sí. Kò wọ́n, wọ́n lè tọ́jú èèyàn lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi pọ̀ ní àwọn ọsibítù kéékèèké. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń wò ó ló wà. Láti ibì kan sí òmíràn, bó ṣe ń mú ìṣòro yàtọ̀ gan-an. Kì í sì í ṣe àyẹ̀wò kòkòrò rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín lápá láti mọ̀ bóyá HPV wà lẹ́nu ilé-ọmọ yín, ẹ má sanwó. Inú awọ ibẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, kì í rìn nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí wọ́n bá ní "ó wà"

Kò sí oògùn tó ń pa HPV, ti ọsibítù tàbí àgbo. Ohun tó bá bàjẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú. Nítorí náà, àyẹ̀wò kejì ló kàn: Pap smear, tàbí ti fínígà, tàbí kí dókítà fi awò ńlá wo ẹnu ilé-ọmọ, kó sì gé ẹran bíńtín níbi tó bá fura sí. Bí àyẹ̀wò kejì bá dára, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí obìnrin tún ti HPV ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹni tó ní HIV, lẹ́yìn ọdún kan. Ní England, ọdún kan ni fún gbogbo wọn, bí "ó wà" bá sì tẹ̀ léra nígbà mẹ́ta, wọ́n á fi awò wò ó, bí sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ dára. Ẹni tí wọ́n bá tọ́jú, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan kí wọ́n rí i pé ó ti lọ.

Àjọ náà ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọmọ ọdún 30; bí èsì HPV bá ní "kò sí", kó máa tún un ṣe láàárín ọdún 5 sí 10. Ẹni tó ní HIV, láti ọmọ ọdún 25, láàárín ọdún 3 sí 5. Ìdí tí wọn kò fi fẹ́ kí ọmọ ogún ọdún ṣe é ni pé HPV pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ jù, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ẹni tí kò rí àmì kankan ni mo ń bá wí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tó ń yọ lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tàbí omi olóòórùn ń dà tí kò gbọ́ oògùn, ẹ má lọ béèrè àyẹ̀wò HPV, ẹ má sì jẹ́ kí "kò sí" ọdún méjì sẹ́yìn tàn yín jókòó. Ẹ lọ rí dókítà tó máa fi ojú rẹ̀ wo ẹnu ilé-ọmọ yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ló gbé yín wá.